SAMUEL OKWARAJI: AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ TÍ ỌKÀN RẸ̀ DÁKẸ́ LÓRÍ PÁPÁ

Àwọn baba wa ní ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ̀kọ́ ni ìtàn Samuel Okwaraji jẹ́ fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé agbára.

Ọjọ́ 19, oṣù Karùn-ún, ọdún 1964 ni a bí i ní Orlu, ní ilẹ̀ Ìgbò. Kò torí bọ́ọ̀lù pa ìwé tì. Ó kọ́ ìmọ̀ òfin àgbáyé ní ìlú Róòmù dé oyè kejì, ó sì ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù. VfB Stuttgart àti SSV Ulm ní ilẹ̀ Jámánì wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí ó bá ṣe. Ní oṣù Kẹta ọdún 1988, ó bá ikọ̀ Nàìjíríà lọ du Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Mòrókò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé Kamẹrúùnù, ìṣẹ́jú kìíní ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Kamẹrúùnù kan náà ni ó sì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ ní àṣekágbá.

Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹjọ, ọdún 1989, Nàìjíríà àti Àǹgólà pàdé ní Pápá Ìṣeré Ńlá ní Sùúrùlérè, nítorí àtilọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1990. Ní ìṣẹ́jú 77, Okwaraji ṣàdédé ṣubú. Kò dìde mọ́. Ọmọ ọdún 25 péré ni. Nàìjíríà borí pẹ̀lú àmì ayò 1 sí òdo, ṣùgbọ́n ẹkún ni a fi kádìí ayọ̀ náà.

Bí irú ikú báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn a ní ọwọ́ ayé ni. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ mìíràn: ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Báwo ni ọkàn ṣe ń tóbi? Nínú iṣu ẹran ẹsẹ̀ àti ti ọkàn ni àwọn èròjà kan wà tí à ń pè ní prótéènì kínéèsì. Wọ́n a máa lẹ fọ́síféètì mọ́ àwọn prótéènì mìíràn, láti ta wọ́n jí sí iṣẹ́ tàbí láti dá wọn dúró. Inú ẹran ara ehoro ni Edwin Krebs àti Edmond Fischer ti rí irú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ó fún wọn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1992. Bí a bá ń sáré, kínéèsì a tú ṣúgà tí ẹran ẹsẹ̀ fi pamọ́ sílẹ̀. Nínú ọkàn, a jẹ́ kí kálísíọ̀mù wọlé sí i, kí ọkàn lè lù kíákíá, kí ó sì lù kíkan. Oore ni èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ń ni ọkàn lára lójoojúmọ́, àwọn kínéèsì mìíràn a pàṣẹ pé kí ẹran rẹ̀ nípọn sí i. Ẹsẹ̀ ń sinmi lálẹ́. Ọkàn kì í sinmi. Bí ó bá yá, a rẹ̀ ẹ́, tàbí kí lílù rẹ̀ dàrú lójijì.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Bí a bá kúrò ní Sùúrùlérè, tí a gba Orílé dé Mile 2, a ó kan Festac Town ní Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, ìlú tí wọ́n kọ́ fún àlejò àjọ̀dún àṣà ọdún 1977. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù bí àwa náà ti ń gbá a lọ́gbà ilé ìwé. Mélòó nínú wa ni ó ti jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru òun rí?

Wọ́n gbé ère Okwaraji kalẹ̀ níwájú pápá tí ó kú sí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹran apá tí ó le kò sọ bí ọkàn ti rí. Kí a tó wọ pápá, ẹ jẹ́ kí a lọ yẹ ara wa wò.