Ìtàn Ìgbésí Ayé Dókítà James Currie, Ẹni Tí Ó Fi Omi Tútù Wo Ibà

Ṣàṣà ni ilé tí ó wà ní etí òkun wa, láti Lekki títí dé Ajah, tí a kò ti mọ ìjà tí ń bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn àgbà nígbà tí ara ọmọdé bá gbóná. Ìyá àgbà yóò ní kí a fi aṣọ bo ọmọ náà dáadáa, kí ó lè làágùn. Ẹlòmíràn yóò ti gbé garawa omi tútù dé, yóò sì fẹ́ dà á lé e lórí, pàápàá bí gìrì bá fẹ́ gbé e. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Ní ohun tí ó lé ní igba ọdún sẹ́yìn, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jà sí i gan-an bẹ́ẹ̀. Ìtàn ẹni tí ó fi ìwọ̀n àti ìṣirò dá sí ìjà náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 1756 ni a bí James Currie ní Kirkpatrick-Fleming ní ilẹ̀ Scotland. Àlùfáà ìjọ ni baba rẹ̀, òun nìkan sì ni ọmọkùnrin tí baba náà bí láàrin ọmọbìnrin púpọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1771, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, wọ́n rán an kọjá òkun sí Virginia ní Amẹ́ríkà, láti lọ kọ́ iṣẹ́ òwò tábà. Iṣẹ́ àwọn ẹrú tí a kó láti ilẹ̀ wa ni tábà náà, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí wọn lójoojúmọ́. Òwò náà kò san án. Àìsàn bá a níbẹ̀, ìjà láàrin àwọn ará Amẹ́ríkà àti ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ba ohun gbogbo jẹ́. Ọwọ́ òfo ni ó fi padà dé ilé ní ọdún 1777.

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ìṣègùn ní Edinburgh ni ó gbà lọ lẹ́yìn èyí. Glasgow ni ó ti gba oyè dókítà ní ọdún 1780, ó sì lọ tẹ̀dó sí Liverpool ní ọdún yẹn kan náà. Ní ọdún 1783 ó fẹ́ Lucy Wallace, ọmọ oníṣòwò kan ní ìlú náà. Nígbà tí ó ṣe, a yàn án sí ara àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ara òun fúnra rẹ̀ kò le. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti pa nínú àwọn arábìnrin rẹ̀, àyà òun náà sì ń dùn ún láti ìgbà èwe. Bóyá èyí ni kò jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ aláìsàn ṣe eré.

Ibà tí ó pọ̀ ní Liverpool nígbà náà kì í ṣe ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri bí ti ilẹ̀ wa. Èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní tífọ́ọ̀sì ni. Kòkòrò iná tí ń gbé inú aṣọ ni ó máa ń tàn án kálẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò mọ èyí ní ayé Currie. Inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí ó rin, tí àwọn tálákà kún fọ́fọ́, ni ó ti ń jà bí iná. Ìtọ́jú tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń lò ni kí a ti fèrèsé, kí a dá iná sí yàrá, kí a sì di aṣọ ru aláìsàn náà. Ẹ wo bí ó ti jọ ti ìyá àgbà wa tó!

Currie kà nínú ìwé àwọn oníṣègùn ohun tí Dókítà William Wright kọ ní ọdún 1786. Wright ń ti Jamaica bọ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkọ̀ ní ọdún 1777. Ó tọ́jú awakọ̀ kan tí ibà ń ṣe, awakọ̀ náà kú, ibà náà sì mú Wright. Ó ṣàkíyèsí pé nígbà tí òun bá wà ní òkè ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ni ara máa ń tu òun díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó bọ́ aṣọ, ó sì ní kí wọ́n da garawa omi òkun mẹ́ta lé òun lórí. Ó gbọ̀n rìrì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó tún un ṣe, ìlera rẹ̀ sì padà. Ọkàn Currie kò kúrò lórí ìtàn yìí. Nígbà tí ibà tífọ́ọ̀sì wọ yàrá kan ní ilé ìwòsàn rẹ̀ ní òpin ọdún 1787, ó dán an wò lára àwọn aláìsàn, ó sì rí i pé ó ṣe iṣẹ́.

Ohun tí ó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí ni pé kò dúró níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti da omi sí ara aláìsàn kí a tó bí i. Òun ni ó béèrè pé mélòó ni ooru ara náà kí a tó da omi, mélòó sì ni lẹ́yìn rẹ̀. Ó lo ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ooru ara, ó ń fi í sí abẹ́ ahọ́n tàbí sí abíyá, nígbà tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ dókítà ṣì ń fi àtẹ́lẹwọ́ díwọ̀n ooru. Ó tilẹ̀ mú kí wọ́n tẹ ẹ̀rọ náà kọ, kí òun lè dúró lẹ́yìn aláìsàn kí òun sì kà á, kí èémí ẹni náà má bàa kan òun.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1790, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan fọ́ sórí iyanrìn nítòsí Liverpool. Wákàtí 23 ni àwọn inú rẹ̀ fi rọ̀ mọ́ àjákù ọkọ̀ náà nínú òtútù kí a tó gbà wọ́n là. Àwọn kan kú, ọ̀gá ọkọ̀ sì wà nínú wọn. Currie lọ fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí ó yè lẹ́nu wò, ohun tí ó gbọ́ sì yà á lẹ́nu: àwọn tí ó kọ́kọ́ kú kì í ṣe àwọn tí omi mù jù. Àwọn tí ó jókòó sí òkè ni, tí ìgbì ń rin wọ́n tí afẹ́fẹ́ sì tún ń fẹ́ wọn, nígbà tí àwọn tí ìdajì ara wọn wà nínú òkun títí dúró tí wọ́n yè. Èyí kò lè jẹ́ àjèjì sí àwọn apẹja wa. Ẹni tí ó bá ti jáde sí ọ̀sà ní ìdájí nígbà ọyẹ́ mọ̀ pé ìgbà tí ènìyàn bá ti inú omi gòkè sínú ọkọ̀, tí aṣọ tútù lẹ̀ mọ́ ọn lára tí atẹ́gùn sì fẹ́, ni eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé omi tútù sàn ju afẹ́fẹ́ lọ nígbà gbogbo. Omi a máa yára gba ooru lára ènìyàn jìnnà ju afẹ́fẹ́ tí ó dúró jẹ́ẹ́ lọ, ọ̀pọ̀ ni ó sì ti kú nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n wákàtí díẹ̀.

Láti mọ òtítọ́, Currie fi àwọn ọkùnrin tí ara wọn le sínú omi tútù, ó sì ń wọn ooru wọn láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ó rí i pé ooru ara kì í dẹ́kun láti lọ sílẹ̀ ní kété tí ènìyàn bá jáde. Ó tún lè lọ sílẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó ti jáde tán. Àwọn tí ń gba ènìyàn là nínú òkun títí di òní ń fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹlòmíràn ti ṣubú lulẹ̀ lẹ́yìn tí a ti rò pé ewu ti kọjá. Ọdún 1792 ni a ka ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn yìí níwájú ẹgbẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ẹgbẹ́ náà sì gbà á wọlé ní ọdún náà.

Ní ọdún 1792 yìí kan náà ni ibà wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 30, tí ó wà ní Liverpool. Àwọn 58 ni ó mú. Currie kọ ọ́ pé omi tútù gé ibà náà kúrú lára àwọn 32, pé 26 bá a dé òpin rẹ̀, àti pé àwọn méjì tí ó kú kò wẹ omi tútù rárá. Ìròyìn dáradára ni. Síbẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìṣirò pẹ̀lú mi yóò rí ibi tí ó kù sí: bí ó bá jẹ́ pé àwọn tí ara wọn ti rẹ̀ tán ni a kò da omi lé, a kò lè sọ pé àìda omi ni ó pa wọ́n.

Ìwé ńlá rẹ̀ lórí omi tútù àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ jáde ní ọdún 1797. Ìkìlọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ bí ìyìn inú rẹ̀ ti pọ̀. Ó ní kí a da omi náà nígbà tí ooru bá gbéná jù, tí awọ ara sì gbẹ. Ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dà á sí ara ẹni tí òtútù ibà ń mú tí ó ń gbọ̀n, bí awọ rẹ̀ tilẹ̀ gbóná. Ó kọ̀ ọ́ fún ẹni tí ooru rẹ̀ kò ju ti ara líle lọ, àti fún ẹni tí òógùn ti bò tí agbára rẹ̀ sì ti tán. Ó rí ibi tí a ti ṣe é láìbìkítà, ó sì mọ̀ pé ohun tí ó lè gbani là náà ni ó lè pani.

Ìdánwò tí ó le jù dé bá a nínú ilé ara rẹ̀. Ní ọdún 1801, ibà tí ń sọ ara ọmọdé di pupa tí ó sì ń dí wọn lọ́fun mú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, ọ̀kan ọmọ ọdún 5, èkejì ọmọ ọdún 3. Ibà náà ń pa ọmọ púpọ̀ nígbà náà. Baba náà ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ó mú ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú wákàtí 32, ó da omi sí ara ẹ̀gbọ́n ní ìgbà 14 àti sí ara àbúrò ní ìgbà 12. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó tutù: bí ooru náà ti ń rọlẹ̀ ni ó ń pààrọ̀ omi tútù sí èyí tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Àwọn ọmọ méjèèjì yè.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ níhìn-ín pé ìmọ̀ ti rìn kọjá ibi tí Currie bá a dé. Àwọn dókítà òde òní kò fẹ́ kí a da omi tútù sí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Omi náà yóò mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ súnkì, ọmọ yóò máa gbọ̀n, gbígbọ̀n náà yóò sì tún dá ooru sílẹ̀ nínú. Ní ilẹ̀ wa, ẹ̀jẹ̀ ọmọ ni a ń yẹ̀ wò fún ibà ẹ̀fọn, kí a tó fún un ní oògùn rẹ̀. Dídi aṣọ rù ú kò dára bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí oòrùn pa títí orí rẹ̀ fi dàrú, tí ara rẹ̀ sì ń jó bí iná, omi tútù náà ni oògùn rẹ̀ di òní, kíákíá sì ni a gbọ́dọ̀ lò ó. Ní ti àwọn tí ara wọn le tí wọ́n ń wọ inú omi yìnyín nítorí pé ó ń mú ara jí pépé, kí wọ́n rántí pé ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ òtútù òjijì a máa gba èémí lẹ́nu ènìyàn, ọkàn a sì máa sáré. Ẹni tí ó ní àrùn ọkàn lè kú síbẹ̀, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì wà lábẹ́ omi lè mu ún.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí ọmọ ilẹ̀ wa fò dá. Owó ẹrú ni ó kọ́ Liverpool. Ọkọ̀ ìlú náà ń wá sí etí òkun Áfíríkà láti ra àwọn baba wa, àwọn oníṣòwò ẹrú ni ó sì lówó tí wọ́n lè fi san owó dókítà. Láàrin wọn ni Currie àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Roscoe ti jọ kọ àrọ̀fọ̀ kan ní ọdún 1788 nípa ìyà ọmọ Áfíríkà tí a jí gbé. Ní ọdún 1793 ó tún kọ ìwé tako ogun tí ìjọba ń bá ilẹ̀ Faransé jà, ó sì fi orúkọ mìíràn bo ara rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé òun ni, ọ̀tá sì pọ̀ fún un. Kò jẹ́ kí èyí dí òun lọ́wọ́. Ó wà lára àwọn tí ó mú kí ilé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú ṣí ní Liverpool. Nígbà tí akéwì Robert Burns sì kú tí ó fi aya àti ọmọ sílẹ̀ nínú àìní, Currie ni ó kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ sí ìwé ní ọdún 1800, kí owó rẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé náà.

Ní ọdún 1804, àyà rẹ̀ tí ó ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ borí rẹ̀. Ó fi Liverpool sílẹ̀, ó lọ sí Bath, ó sì ti ibẹ̀ lọ sí Sidmouth ní etí òkun gúúsù. Ibẹ̀ ni ó kú sí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1805, ní ẹni ọdún 49. Ọdún 1807 ni àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Roscoe wà nínú wọn ní ọdún náà, Liverpool ni ó sì rán an lọ. Ó dìbò lòdì sí òwò náà, nígbà tí ó sì padà dé ilé, àwọn ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú kùmọ̀ ni ó wá pàdé rẹ̀ ní ìgboro.