Margaret Dayhoff: Obìnrin Tó Fi Kọ̀ǹpútà Ka Báyọ́lọ́jì

Láti ìgbà tí díẹ̀ nínú wa ti ní àwọn fẹ́ dá ẹgbẹ́ tí yóò pa báyọ́lọ́jì pọ̀ mọ́ kóòdù kíkọ sílẹ̀, ìbéèrè kan náà là ń gbọ́: kí ló pa ọ̀pọ̀lọ́ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà? Obìnrin kan ti dáhùn rẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa.

Ọdún 1925 ni wọ́n bí Margaret Dayhoff ní Philadelphia, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìṣirò ló kọ́kọ́ kà, ó sì gboyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní 1948. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ láti tọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó padà.

Purotéènì dà bí ìlẹ̀kẹ̀ gígùn tí a sín. Nígbà náà, ègé kéékèèké rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè kà. Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan ya ẹ̀dà méjì ìwé ìròyìn yìí sí wẹ́wẹ́, tí ibi tó ti ya ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ègé kan ti bá ti òmíràn mu la ó fi mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀léra. Iṣẹ́ yìí ni òun àti Robert Ledley kọ kóòdù fún ní 1962.

Bí àwọn tó ń ta spare parts ní Trade Fair ṣe ń fi nọ́ńbà pe ọjà tórúkọ rẹ̀ gùn, lẹ́tà kan ṣoṣo ló fún ásíìdì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú purotéènì, kó má baà gba àyè jù nínú kọ̀ǹpútà. Glycine di G, alanine di A. A ṣì ń lò ó dòní. Ní 1965, òun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé tó kó purotéènì 65 jọ.

Kò rọrùn o. Àwọn kan ní kì í ṣe ìwádìí gidi, pé iṣẹ́ ẹlòmíì ló kàn ń kó jọ. Owó iṣẹ́ ò tètè ń wá. Kò dúró. Ó di ààrẹ ẹgbẹ́ Biophysical Society kó tó kú ní 1983, lẹ́ni ọdún 57.

Ní oṣù kẹta 2020, lẹ́yìn tí kòrónà wọ Nàìjíríà, irú títo ègé bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ Redeemer's University ní Ẹdẹ fi kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n fi ka lẹ́tà inú kòkòrò náà.

Kọ̀ǹpútà wa ò pọ̀, a mọ̀. Ṣùgbọ́n bébà àti bírò tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ya á sí wẹ́wẹ́ lọ́nà méjì, kẹ́ ẹ ní kí ọ̀rẹ́ yín tò ó. Ẹni tó bá rí i tò, ẹgbẹ́ wa ń wá a.