Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà: Olórí Ọjà tí kò Ta Ẹgbẹ́ Rẹ̀

Ní ìlú Èkó, ní àsìkò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ wa, òkìkí Àlímọ̀tù Pẹlẹwúrà kàn láàárín àwọn obìnrin ọlọ́jà. Ẹja ni ìyá rẹ̀ ń tà. Ẹja náà ni òun pẹ̀lú sì tà ní ọjà Eréko. Mùsùlùmí ni, kò sì mọ̀ ọ́n kọ, kò mọ̀ ọ́n kà. Síbẹ̀ àwọn ará ọjà fi í ṣe olórí, nígbà tí ó sì yá, ó di olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọlọ́jà ní Èkó.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Àwọn obìnrin wọ̀nyí ń dá owó jọ, wọ́n sì ń fi san owó akọ̀wé tí ń bá wọn kọ ìwé sí ìjọba àti owó àwọn agbẹjọ́rò. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí èrè ọjọ́ rẹ̀ kò ju kọ́bọ̀ díẹ̀ lọ ní agbẹjọ́rò.

Ní 1936, ìjọba fẹ́ kó ọjà Eréko lọ sí Olúwọlé. Àwọn obìnrin kọ̀, a sì ti Pẹlẹwúrà àti àwọn kan mọ́lé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ọlọ́jà jáde láti fi ẹ̀hónú hàn títí a fi dá wọn sílẹ̀. Ní 1940, ìjọba pàṣẹ pé obìnrin tí owó tí ń wọlé fún un bá ju £50 lọ́dún gbọ́dọ̀ san owó orí. Ní oṣù Kejìlá, wọ́n tún jáde lọ́pọ̀ yanturu. Ìjọba sì gbé iye náà sókè sí £200, tí ẹrù náà fi kúrò lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ìdánwò tí ó tóbi jù dé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ìjọba fi iye lé oúnjẹ, pàápàá gàrí, iye náà kò sì jẹ́ kí ọlọ́jà rí èrè. Captain Pullen, tí ètò náà wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, fi £100 lóṣooṣù lọ Pẹlẹwúrà kí ó lè ràn án lọ́wọ́. Owó ńlá ni nígbà náà. Bí ó bá gbà á, òun nìkan ni yóò jẹ ẹ́, àwọn tí wọ́n fi í joyè ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ó kọ̀ ọ́. Ní 1945, ìjọba mú ètò náà kúrò.

Ní 1951 ni ó kú, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì sin ín dé ibojì.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ àti ẹ̀yin òbí, púpọ̀ nínú wa ni ó ti orí àtẹ ìyá rí owó ilé ìwé. Àwọn tí kò kàwé ná owó wọn láti rí ẹni tí yóò bá wọn kọ ìwé. Àwa tí a kàwé, ẹ jẹ́ kí a fi ìmọ̀ wa ran àwọn ìyá ọlọ́jà àdúgbò wa lọ́wọ́, kí a má sì fi èrè ọ̀kan ṣoṣo pa ẹgbẹ́ lára. Kí Olúwa ràn wá lọ́wọ́. Àmín.