Babátúndé Fáfúnwá àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kì Í Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1923 ni wọ́n bí Àlíù Babátúndé Fáfúnwá ní Èkó. Ó kàwé dé Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Yunifásítì New York ní ọdún 1955. Lẹ́yìn tí ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Nsukka kí ó tó wá sí Ifẹ̀.

Ifẹ̀ ni ó ti ṣe iṣẹ́ tí ó kan olùkọ́ jù lọ. Ìṣòro tí ó dojú kọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti dúró níwájú kíláàsì rí: olùkọ́ béèrè ọ̀rọ̀, gbogbo ọmọ dákẹ́ lọ gbári. Kì í ṣe pé wọ́n gọ̀. Ọmọ tí ó ń pàlọ́ nílé, tí ó ń jiyàn nídìí ayò, ni ó ń ya odi níwájú olùkọ́, nítorí pé èdè tí ó fi ń ronú kọ́ ni wọ́n ní kí ó fi dáhùn. Ó wá ń há ọ̀rọ̀ olùkọ́ sórí, ó sì ń dà á padà bí ayékòótọ́.

Ní oṣù kìíní ọdún 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A", Mọdákẹ́kẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn iṣẹ́ mìíràn ní èdè Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan lára iṣẹ́ ni. Ìwé kò sí nílẹ̀. Wọ́n ní láti kọ ọ́, kí wọ́n sì wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí kò tíì lórúkọ ní Yorùbá. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ wọ̀nyí lé ìwọ̀n pẹ̀lú àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta wọ́n yọ nínú iṣẹ́ yòókù. Àwọn onímọ̀ kan jiyàn pé ìwé tuntun àti olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì àkànṣe lè wà lára ohun tí ó fà á. Àríyànjiyàn náà kò burú. Òun gan-an ni ìwádìí ń fẹ́.

Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí Zion Pepe, létí òkun Ìlàjẹ, yóò rí i pé ọ̀ràn náà tún jinlẹ̀ sí i níbẹ̀. Yorùbá inú ìwé pàápàá kì í ṣe èyí tí ọmọ ń sọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Bí ó bá fi Ìlàjẹ dáhùn, tí olùkọ́ sì fi í ṣẹ̀sín, yóò pẹ́ kí ó tó tún nawọ́. Bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ pé òun ni ó mọ̀ jù nínú kíláàsì nípa ẹja àti òkun tí ń jẹ ilẹ̀. Irú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni ó ń bá ẹlòmíràn dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, tí olùkọ́ àgbà yóò máa pè é ní ọ̀lẹ.

Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti ọdún 1977 fi àyè gba èdè abínibí ní ìbẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò tó ọdún mẹ́fà tí Fáfúnwá dán wò. Òun fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ láti ọdún 1990 sí 1992. Ó papò dà ní Àbújá ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún 2010, ní ẹni ọdún 87.