Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí àti Ìdánwò Ìwé Òfin Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Bí a bá dárúkọ Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, ohun tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni adé Odùduwà, Ilé-Ifẹ̀ àti ìjọba tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé àádọ́ta ọdún. Ohun tí a kì í sábà rántí ni pé Kábíyèsí jẹ́ Gómìnà Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn rí, àti pé ìpinnu kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962 ni ó fa ẹjọ́ tí ó rìn títí dé Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì mú kí a yí ìwé òfin Ẹkùn náà padà. Gbogbo àwa tí a ń gbé ní àwọn ìpínlẹ̀ tí a gé jáde láti ara Ẹkùn náà ni ìtàn yìí kàn.

Ìgbà èwe àti iṣẹ́ òòjọ́

Ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 1889 ni a bí wọn ní Ilé-Ifẹ̀, nínú ìdílé ọba Òṣínkọ́lá. Baba wọn ti kú kí wọ́n tó dàgbà, ìyá wọn ni ó sì tọ́ wọn. Wọ́n wà lára àwọn ọmọdé Ifẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jókòó sí ilé ìwé àwọn ìjọ Áńgílíkà ní Ayétòrò, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òbí ṣì gbà pé oko ni ó yẹ ọmọkùnrin.

Ní ọdún 1909, wọ́n gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ bí a ṣe ń pa àkọsílẹ̀ mọ́, bí a ṣe ń ka ìwé ìjọba, àti bí a ṣe ń bá onírúurú ènìyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Ní ọdún 1921, wọ́n fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, wọ́n sì dáwọ́ lé òwò irè oko àti ọkọ̀ akẹ́rù. Òwò náà gbè wọ́n. Nígbà tí Ọọ̀ni Adémilúyì Ajagun wàjà ní ọdún 1930, tí àwọn afọbajẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gorí oyè, oníṣòwò tí ó mọ̀wé ni wọ́n yàn. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni Ọba Adérẹ̀mí di Ọọ̀ni, àwọn sì ni Ọọ̀ni àkọ́kọ́ tí ó mọ̀-ọ́n-kọ mọ̀-ọ́n-kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fi irú ọba tí wọ́n fẹ́ jẹ́ hàn. Ní ọdún 1932, wọ́n dá ilé ìwé gíga Oduduwa College sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ó ń walẹ̀ láti kọ́lé ní agbo ilé Wúnmọníje rí àwọn orí idẹ àwọn baba ńlá wa ní ọdún 1938, Kábíyèsí kò fẹ́ kí wọ́n túká. Ààfin ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí, kí a tó kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún wọn. Ìfẹ́ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní kò yọ àwọn ọmọ wọn obìnrin sílẹ̀: ọ̀kan nínú wọn, Olóyè Tejúmádé Alákijà, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di Olórí Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́.

Láti ààfin dé ilé ìgbìmọ̀

Láàrin ọdún 1946 sí 1960, ìwé òfin mẹ́rin ni orílẹ̀-èdè yìí lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba ipò èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìwé òfin Richards dá àwọn ìgbìmọ̀ sílẹ̀ ní ẹkùn mẹ́ta. Ti Macpherson ní ọdún 1951 fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ipò mínísítà, ó sì dá Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba sílẹ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn. Ti Lyttelton ní ọdún 1954 fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní agbára tirẹ̀ lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ti òmìnira ní ọdún 1960 ni ó gbé gbogbo rẹ̀ lé wa lọ́wọ́. Ọba Adérẹ̀mí bá ètò wọ̀nyí rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Lábẹ́ ìwé òfin ti ọdún 1951, wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mínísítà ìjọba àárín gbùngbùn ní Èkó, láìní ẹ̀ka iṣẹ́ kan pàtó. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1953, Olóyè Anthony Enahoro gbé àbá kalẹ̀ pé kí Nàìjíríà gba ìjọba ara-ẹni ní ọdún 1956. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà pinnu pé kí mínísítà kankan má ṣe dá sí àríyànjiyàn náà. Mínísítà mẹ́rin tí ó ti Ìwọ̀-Oòrùn wá kò gbà kí a di àwọn lẹ́nu, wọ́n sì kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Ọọ̀ni Ifẹ̀ wà nínú wọn, Olóyè Bọ̀dé Thomas wà nínú wọn, Arthur Prest wà nínú wọn, Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá náà sì wà níbẹ̀. Rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé ìjókòó náà ni ó mú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe àpérò ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí a ti tún ìwé òfin yẹ̀ wò. Kí òǹkàwé fi orúkọ Olóyè Akíntọ́lá sọ́kàn, nítorí pé òun àti Kábíyèsí yóò tún pàdé níwájú.

Láti ọdún 1954, Ọba Adérẹ̀mí ni Ààrẹ Ilé Ìgbìmọ̀ Lọ́balọ́ba ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ ọdún 1957, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn gba ìjọba ara-ẹni, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ni Olórí Ìjọba. Ní oṣù Keje ọdún 1960, a fi Ọọ̀ni Ifẹ̀ jẹ Gómìnà, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà ní gbogbo àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ kékeré nínú ìwé òfin

Ipò Gómìnà ìgbà náà yàtọ̀ sí ti òde òní. Olórí Ìjọba tí àwọn aṣòfin tì lẹ́yìn ni ó ń ṣe ìjọba. Gómìnà ń ṣojú Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń tẹ̀lé ìmọ̀ràn. Nínú nǹkan díẹ̀ ni ìwé òfin ti fún un láàyè láti fi òye ara rẹ̀ pinnu. Ọ̀kan nínú wọn wà ní abala 33, ìpín 10. Ó sọ pé Gómìnà kò gbọ́dọ̀ yọ Olórí Ìjọba nípò àyàfi tí ó bá hàn sí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aṣòfin kò tì í lẹ́yìn mọ́. Ìwé òfin kò sọ ọ̀nà tí yóò gbà hàn sí i. Kò sọ bóyá ìbò inú ilé ìgbìmọ̀ ni, tàbí lẹ́tà.

Ní ọdún 1962, Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ tí ó wà lórí àlééfà pín sí méjì. Olóyè Awólọ́wọ̀ ti lọ sí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní Èkó, Olóyè Akíntọ́lá sì ti di Olórí Ìjọba ní Ìbàdàn. Ìjà náà dójú ẹ̀ nígbà tí ẹgbẹ́ ní kí Olóyè Akíntọ́lá fi ipò sílẹ̀, tí ó sì kọ̀. Aṣòfin 66 nínú 124 wá fi ọwọ́ sí ìwé kan, wọ́n kọ ọ́ sí Gómìnà pé àwọn kò tì í lẹ́yìn mọ́.

Ìwé náà dé iwájú ọba tí ó ti jókòó lórí ìtẹ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Bí wọ́n bá dákẹ́, a ó sọ pé wọ́n rí ìfẹ́ àwọn aṣòfin, wọ́n ṣe bí ẹni tí kò rí i. Bí wọ́n bá ṣe nǹkan, ẹni tí wọ́n jọ fi ipò mínísítà sílẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án ṣáájú ni wọn yóò yọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún, Kábíyèsí yọ Olóyè Akíntọ́lá, wọ́n sì fi Alhaji Dáúdà Ṣóróyè Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Olóyè Akíntọ́lá gba ilé ẹjọ́ lọ. Àríyànjiyàn rẹ̀ ni pé inú ilé ìgbìmọ̀, lójú gbogbo ayé, nìkan ni a ti lè mọ̀ bóyá àwọn aṣòfin kọ̀ ọ́.

Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, ilé ìgbìmọ̀ jókòó láti dìbò fún ìjọba tuntun. Ìbò náà kò wáyé. Àga fò sókè, ìjà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú gbogbo wọn ká. Ní ọjọ́ 29, ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Gómìnà, Olórí Ìjọba àti àwọn aṣòfin kò ní agbára mọ́. Dókítà Májẹ̀kódùnmí ni a gbé wá láti máa ṣàkóso. Kí ọdún náà tó parí, Ọba Adérẹ̀mí ti kúrò ní ipò Gómìnà. Nígbà tí pàjáwìrì náà dópin, Olóyè Akíntọ́lá padà sí ipò rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 1963.

Ìdájọ́ méjì, àtúnṣe kan

Ẹjọ́ náà kò dúró. Ní oṣù Keje ọdún 1962, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Èkó ti dájọ́ pé Olóyè Akíntọ́lá jàre. Púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ gbà pé bí àṣà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti rí, ìbò inú ilé ìgbìmọ̀ ni ó yẹ kí Gómìnà dúró dè. Ọ̀kan nínú wọn kò bá wọn fara mọ́ ọn. Alhaji Adégbénró pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó jẹ́ òpin ẹjọ́ ní ìgbà náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1963, àwọn adájọ́ ibẹ̀ yí ìdájọ́ náà padà. Wọ́n gbà pé ọgbọ́n lè mú kí Gómìnà dúró de ìbò, ṣùgbọ́n pé ọ̀tọ̀ ni ọgbọ́n, ọ̀tọ̀ ni òfin. Ohun tí a kọ sínú ìwé òfin ni àwọn yóò lò, ìwé òfin kò sì so Gómìnà mọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo.

Báyìí ni ìdájọ́ fi hàn pé ohun tí Ọọ̀ni ṣe bá òfin mu. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wà nípò kò fi ipò sílẹ̀. Ilé ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn yára tún abala 33 ṣe, ó ní Gómìnà kò lè yọ Olórí Ìjọba àfi lẹ́yìn ìbò inú ilé ìgbìmọ̀. Ó tún fi kún un pé àtúnṣe náà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 1960, ọjọ́ kejì òmìnira. Ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ fọwọ́ sí i, ìdájọ́ Lọ́ńdọ̀nù sì di asán. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1963, Nàìjíríà di ìjọba olómìnira tí kò sí lábẹ́ Ọbabìnrin mọ́, a kò sì pe ẹjọ́ sí Privy Council mọ́.

Ó yẹ kí a ya nǹkan méjì tí ó wà nínú àtúnṣe náà sọ́tọ̀. Èyí tí ó ní kí ìbò wáyé ní gbangba dára. Ó yẹ kí ó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó mú òfin rìn padà sẹ́yìn láti bo ìdájọ́ mọ́lẹ̀ ni ó ba ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́, nítorí pé ẹni tí ó jàre nílé ẹjọ́ kò rí àre náà gbà. Láti ìgbà náà ni ìgbẹ́kẹ̀lé nínú ilé ìgbìmọ̀ àti nínú ìbò ti ń dínkù ní ilẹ̀ wa, títí tí ìdìbò ọdún 1965 fi di iná, tí àwọn ológun sì gba ìjọba ní oṣù Kìíní ọdún 1966.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ọba Adérẹ̀mí padà sí ààfin. Àwọn kò gbé ogun dìde, wọn kò sì fi ìtẹ́ Odùduwà jà fún ipò Gómìnà. Wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí ó tó wá sí ìlú wọn, kúrò ní Ìbàdàn wá sí orí ilẹ̀ tí Ifẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní ọdún 1967. Wọ́n wàjà ní oṣù Keje ọdún 1980, oṣù méjì péré kí ó tó pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n gorí oyè. Ọba Okùnadé Síjúwadé, Olúbùṣe Kejì, ni ó jọba lẹ́yìn wọn.

Àwọn ìpínlẹ̀ òde òní kò ní ìwé òfin tiwọn bí Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ti ní. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 ni gbogbo wa jọ ń lò. Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ ọdún 1962 wà nínú rẹ̀. Abala 188 kò fi yíyọ Gómìnà ìpínlẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí ó hàn sí ẹnì kan. Ìdá mẹ́ta ó kéré tán nínú àwọn aṣòfin ní láti fọwọ́ sí ẹ̀sùn tí a kọ sílẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ dìbò pé kí a ṣe ìwádìí. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ yóò yan ẹni méje láti gbọ́ tẹnu Gómìnà náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ni yóò sì tún fọwọ́ sí àbájáde ìwádìí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ àtúnṣe. Abala 9 kò jẹ́ kí ilé ìgbìmọ̀ àpapọ̀ nìkan yí ìwé òfin padà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, nígbà tí aṣòfin tí ó ń ṣojú àdúgbò yín bá pe ìpàdé ìta gbangba lórí àtúnṣe ìwé òfin, ẹ lọ. Ẹ béèrè ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, ẹ sì béèrè ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 1962, ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí a kò là yé ara wa ni ó tú Ẹkùn kan ká, tí ó sì mú ọba àgbà kan kúrò ní ipò tí ó ṣe é láìrú òfin.