Málàmù Aminu Kano: Ẹni tó fẹ́ kí tálákà fi ìbò gba ìjọba

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé Kàdúná, ìgbà mélòó lẹ ti gba iwájú Lugard Hall kọjá láìwo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Ibẹ̀ ni àwọn aṣòfin Àríwá ń jókòó sí láyé Sardauna. Ọ̀nà tí tálákà máa gbà wọbẹ̀ ni Málàmù Aminu Kano fi ayé rẹ̀ wá.

Ọdún 1920 ni wọ́n bí i ní Kánò, sínú ìdílé àwọn onímọ̀ òfin Islam. Ó lọ sí Katsina College, òun àti Tafawa Balewa sì jọ kẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ní London. Ká ní ó panu mọ́ ni, ìgbádùn ni ì bá máa jẹ. Àmọ́ ní 1950 ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ NEPU tí àwọn ọ̀dọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ní Kánò, kò sì pẹ́ tó fi di olórí wọn. Àwọn talakawa ni ẹgbẹ́ náà ń jà fún. (Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà ni pẹ̀lú tálákà tiwa.)

Sósíálísìmù ni wọ́n ń pe irú èrò rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ìbọn ló ń mú un wá. Ìbò ni Málàmù gbà gbọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wíwọ́ ni wọ́n gbé ìbò náà kalẹ̀. Ní 1951, aráàlú kì í yan aṣòfin tààrà. Wọ́n á yan aṣojú ládùúgbò, àwọn yẹn á tún yan àwọn mìíràn, títí tó fi máa dé ìgbìmọ̀ tó kẹ́yìn, níbi tí àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ lábẹ́ ẹ́mírì ti lè fi èèyàn tiwọn kún un. NEPU ṣe dáadáa nísàlẹ̀ ní ìlú Kánò. Nígbà tó dókè, òfo ni. Ẹni tó bá sì pariwo, kóòtù alkali ń dúró dè é. Hajiya Gambo Sawaba ará Zaria mọ ẹ̀wọ̀n bí ẹni mowó.

Ẹlòmíì ì bá ní òun ò dìbò mọ́, bí púpọ̀ nínú wa ṣe ń sọ pé ìbò Àríwá ò kan àwa àlejò. Málàmù ń jáde, ó ń jábọ́, ó tún ń jáde. Ó ń ké pé kí àwọn obìnrin náà dìbò. NEPU bá NCNC ti Gúúsù ṣe pọ̀, ní 1959 ló wá wọ ilé aṣòfin àpapọ̀ l'Ékòó. Àwọn ìyá wa ní Ìwọ̀-Oòrùn dìbò lọ́dún yẹn o. Obìnrin Àríwá ò láṣẹ. Ọdún 1976 ni wọ́n tó gbà á, lábẹ́ ìjọba ológun.

Ní 1979, Málàmù du ipò ààrẹ lábẹ́ PRP, ó ṣe ipò kẹrin, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ rẹ̀ gba gómìnà Kánò àti Kàdúná. Níbí, Balarabe Musa wọlé, ó fagi lé owó orí haraji àti owó màlúù jangali. Àmọ́ NPN ló pọ̀ jù nílé aṣòfin. Wọn ò fọwọ́ sí kọmíṣánnà kankan fún un, nígbà tó sì di June 23, 1981, wọ́n yọ ọ́. Kò tíì sí gómìnà tí wọ́n yọ bẹ́ẹ̀ rí ní Nàìjíríà.

Kò sí bàbá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Àárín Málàmù àti àwọn gómìnà rẹ̀ méjèèjì ti dàrú, torí wọ́n ń bá àwọn gómìnà UPN ti Awólọ́wọ̀ àti tàwọn ẹgbẹ́ mìíràn ṣèpàdé. Ó ní kí wọ́n yé lọ, wọn ò gbọ́, ẹgbẹ́ bá pín sí méjì. Ní tiwa, ibẹ̀ ló ti ṣì í. Ẹni tó bá NCNC ṣe pọ̀ nígbà kan kò yẹ kó bínú tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, fún ìbò 1983, obìnrin ló mú ṣe igbákejì, Ìyáàfin Bola Ogunbo, orúkọ Yorùbá gidi. Kò sí obìnrin tó tíì du ipò yẹn rí nílẹ̀ wa. Málàmù kú ní April 17, nígbà tí ìbò ku bí oṣù mẹ́rin. Ẹgbẹ́ fi Hassan Yusuf rọ́pò rẹ̀. Ìyáàfin Ogunbo ò yẹ̀ kúrò níbẹ̀.