Lucy Wills, dókítà tó wá oògùn sí àìtó ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún

Aláboyún tó bá ti lọ sí ọsibítù rí mọ ìṣe àwọn nọ́ọ̀sì: wọ́n á fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, wọ́n á wò ó bóyá inú rẹ̀ pọ́n. Tó bá ti funfun, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ má tó nìyẹn. Kí obìnrin náà tó kúrò níbẹ̀, wọ́n á fún un ní folic acid. Àwọn tó mọ dókítà tó tọpa oògùn kékeré yìí ò pọ̀. Lucy Wills lorúkọ rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1888. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko àti òkúta ló kọ́kọ́ kọ́ ní Cambridge. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, South Africa ló wà, ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Cape Town. Ó padà sí London lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn, ó sì di dókítà lọ́dún 1920.

Lọ́dún 1928, ó gba Bombay lọ, ní Íńdíà. Àwọn obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ níbẹ̀ ń kú pẹ̀lú oyún nínú. Á rẹ̀ wọ́n tẹnutẹnu, wọn ò ní lè mí dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé atẹ́gùn ọ́síjìn káàkiri ara. Tiwọn ò pọ̀ tó, àwọn tó sì wà tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá jẹ́ àìtó èròjà irin ni, ńṣe ni wọn ì bá kéré. Àwọn kan rò pé kòkòrò àrùn ló fà á, àmọ́ Wills ò rí i.

Kò wá jókòó sí láàbù nìkan. Ohun tí wọ́n ń jẹ ló lọ wò, ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Àwọn tálákà tí kì í rí èso, ẹ̀fọ́ àti ẹran jẹ dáadáa ni àìsàn náà ń bá jà jù. Ó wá fi irú oúnjẹ wọn bọ́ àwọn ọ̀bọ, ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà sì ń dín kù. Ó gbìyànjú oríṣiríṣi, kò ṣiṣẹ́. Ìgbà tó fún ọ̀bọ kan ní Marmite, èròjà dúdú tí wọ́n fi ìwúkàrà ilé iṣẹ́ bíà ṣe, táwọn òyìnbó ń fi pa búrẹ́dì, ni ara ẹ̀ yá. Ó fún àwọn aláboyún náà, ara tiwọn náà yá. Lọ́dún 1931 ó kọ ọ́ síta. Marmite ò sì wọ́n bí oògùn ẹ̀dọ̀ táwọn dókítà ń lò nígbà yẹn.

Kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ náà. Ọdún 1941 làwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà yọ ọ́ jáde látinú ẹ̀fọ́ spinach, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí ewé sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó kọ́kọ́ kàwé nípa ewéko ló ti ń wá a látọjọ́ yìí! Lónìí, àwọn tó ní fòníkúfọ̀ladìde ní Nàìjíríà náà ń lò ó. Kì í ṣe gbogbo àìtó ẹ̀jẹ̀ ló ń wò o, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fún aláboyún ní oògùn irin mọ́ ọn.

Wills ò lọ́kọ. Kẹ̀kẹ́ ló máa ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1947, ó tún ṣe káńsẹ́lọ̀ ní Chelsea, ó sì kú lóṣù kẹrin ọdún 1964.